Ìyá Aláṣọ Tó Ń Ná Egbò

Bí wọ́n bá dárúkọ Ìyá Aláṣọ, ọjọ́ tó ná dókítà bí ẹni ń ná ọjà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ti fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀, wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gé e kúrò. Dókítà wo ojú egbò náà.

"Ìtànṣán ti sọ awọ ibẹ̀ di líle, mà. Kò ní tètè jiná. Oṣù mẹ́fà."

"Oṣù méjì."

"Màmá, a kì í ná egbò."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Oṣù méjì àtààbọ̀, ó tán."

Dókítà mirí. Màmá gbé báàgì, ó ń rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tó mọ̀ pé wọ́n á pe òun padà. Dókítà pe ẹlòmíì wọlé ní tiẹ̀! Màmá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá yọjú: "Ẹ mú oṣù mẹ́fà yín wá. Àmọ́ ẹ ò mọ ọjà tà o."

Kì í ṣe ẹnu dídùn lásán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, wọn ò sì gbà kí màmá gbé e mọ́yà títí egbò á fi jiná.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá pààrọ̀ báńdéèjì nílé gbọ́n ju dókítà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lòun fúnra rẹ̀ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ní ẹ̀ẹ̀mejì kí màmá lè rí nǹkan ná.

"Ṣé ẹ fẹ́ bó mi láwọ ni? Ẹ̀ẹ̀kan!"

"Ẹ fi nǹkan lé e, mà."

"N ò fi nǹkan kan lé e."

"Ó dáa, torí pé ẹ̀yin ni." Inú màmá dùn ṣìnkìn.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, màmá yọ báńdéèjì fúnra rẹ̀, ó ṣí àyà sí atẹ́gùn kó lè yá. Egbò gbẹ, ó sán, ó tún ṣí.

"Egbò kì í ṣe aṣọ tá a sá, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ń fẹ́ ọ̀rinrin díẹ̀ kí ẹran tuntun tó lè hù."

Màmá bú sẹ́kún. "Ọmọ yẹn á ti máa rìn kí n tó gbé e."

Ọmọ náà ti ń rá lọ́jọ́ tí egbò jiná. Wọ́n gbé e lé màmá láyà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, mà," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì múra àtigbọ́ wákàtí méjì.

"Ó tó," ni màmá dáhùn. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

Màmá gbó kó tó kú. Ọmọ náà ti di géńdé, òun náà wà lára àwọn tó gbé pósí. Wọ́n ní kó gbé e dé ẹnu géètì, kó gbé e fún ẹlòmíì. Ó ní òun á gbé e débi tí wọ́n máa sin ín sí. Wọ́n ná an, ná an, kò gbà.