Títí Ọwọ́ Mi Fi Kan Etí

Òórùn àdí àgbọn fẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Challenge lánàá, mo sì rántí ọ̀sán tí màmá mi mú mi lọ sí jẹ́léósinmi ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Adéwọlé.

"Gbé ọwọ́ gba orí, kó o fi kan etí kejì," ni aǹtí olùkọ́ wí.

Ọwọ́ mi mọ sí àárín irun tí wọ́n fi àdí àgbọn pa, tí wọ́n sì fi òwú dì ṣóńṣó sí mi lórí.

"Kò tíì tó, ìyá ẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, aǹtí. Ìyá mi tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ti padà sí Ọ̀mù-Àrán. Ọ̀gá mi ní tí mo bá tún gbé ọmọ wá sí ọ́fíìsì, kí n kúkú jókòó sílé."

Aǹtí wo irun mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣóńṣó yìí nìkan ga ju ọmọ lọ! Ẹ tú u."

Màmá tú u lórí bẹ́ǹṣì, òwú dúdú ń já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì tútù. Mo tún na ọwọ́. Aǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ tí ẹfun ìkọ̀wé bò di orí mi mú, ìka mi sì kan etí.

"Ó tó!" ni mo pariwo.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé aǹtí ló rọra tẹ orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ náà, Màmá kúnlẹ̀ níwájú aǹtí. Mo rò pé òwú ni wọ́n fẹ́ ṣà.