Ohun tí Ọwọ́-Líle Fi Ìborí Bò

Gbogbo àdúgbò ló ń pe onídìrí yìí ní Ọwọ́-Líle, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Irun tó bá dì kì í tú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dìde níwájú rẹ̀, ojú onítọ̀hún á fà sókè bí ojú ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà, kò sì ní lè rẹ́rìn-ín dáadáa títí di ọjọ́ kejì. Bí oníbàárà bá ní orí ń dun òun, á fi ìdí òòyà ṣa irun wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní etí iwájú orí, á fà á mọ́ ìyókù, á ní, "Ẹ fara dà á. Ẹwà ló ń wọlé yẹn." Bí irorẹ́ funfun wíwẹ́wẹ́ bá sì yọ síbẹ̀, a máa sọ fún wọn pé àmì pé irun ti jókòó nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un nìyẹn, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí.

Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣí orí sílẹ̀. Ìborí dúdú kan ló máa ń so wálẹ̀ títí kan ojú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìfọkànsìn ni. Màmá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, tí kì í yin ènìyàn lásán, dìde lọ́jọ́ kan, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wo arábìnrin yìí kí wọ́n fi kọ́gbọ́n, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run débi pé kò sẹ́ni tó rí irun rẹ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onídìrí tẹrí ba, ó gba ìyìn náà. Bẹ́ẹ̀, irun wo ni wọn ì bá rí? Láti ẹ̀bátí kan dé èkejì, ńṣe ni ibẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ó ti gbàdúrà sí i. Ó ti fi òróró àdúrà pa á títí ìrọ̀rí rẹ̀ fi rin. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀tá ni. Nígbà tó yá, ó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tó máa ń lé lọ kó tó parí, pé bóyá kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, wá jókòó kí òun dirí fún un. Ó tú èyí tó wà lórí rẹ̀, ó fi òòyà là á, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ibì kan ń dán ní ẹ̀bátí ọmọ náà. Ó mọ dídán yẹn.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

Ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara.

Dókítà náà, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tan iná kékeré sórí ọmọ náà. Ó ní irun jíjá kì í ṣe oríṣi kan. Ti ìdílé wà, tó máa ń rọra wọlé. Èyí tó máa ń tẹ̀lé ibà líle tàbí ọmọ bíbí wà, tó ń já ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, àmọ́ tó sábà máa ń padà hù. Òmíràn a máa pá ní róbótó róbótó bí ẹyọ owó, torí pé ara ló ń bá irun ara rẹ̀ jà. Làpálàpá náà ń jẹ irun. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe é.

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́," ó ní. "Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí tí iwájú orí ẹ̀ rí báyìí?"

"Rárá o." Ìdáhùn náà yára ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Ta ló ń dì í fún un?"

Kí ìyá tó lanu, ọmọ ti dáhùn. "Obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà ni, mà. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ó ń parọ́ nítorí ìyá rẹ̀, irọ́ náà sì já gaara lẹ́nu rẹ̀, bí ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Ojú ti ìyá ju ti ìgbà tó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ nínú dígí lọ. Ó tú ìborí náà.

"Èmi ni obìnrin ẹ̀bá ọ̀nà yẹn. Èmi ni mò ń dì í. Orí tèmi náà rèé."

Dókítà tan iná sórí tirẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní fífà ni, fífà ọlọ́jọ́ pípẹ́, pé irorẹ́ tó máa ń yọ lẹ́yìn dídì, ihò irun tó ń fara pa ló ń fi hàn. Ti ọmọ ṣì máa hù bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ báyìí. Ti ìyá, òun ò lè ṣèlérí, torí ibi tí awọ bá ti dán tó báyìí, ihò irun sábà máa ń ti dí.

"Àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ máa gbà á, mà. Àmọ́ ẹ má fà á mọ́."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó rántí pé ní gbogbo ìgbà tóun ń bẹ Ọlọ́run, orí ń dun òun. Bóyá ìrora yẹn ni ìdáhùn. Kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tàbí ènìyàn tó ń wá ohun tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, olórí àwọn obìnrin fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ń bọ̀ wá dirí lọ́jọ́ Ẹtì, kó fà á dáadáa gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Mi ò ní fà á mọ́, mà," ó ní. "Ìborí yìí kì í sì í ṣe ìfọkànsìn. Orí tó pá ni mo fi í bò. Ọwọ́ ara mi ló fà á."

Ọwọ́ màmá lọ sí etí ìborí tirẹ̀, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀ bo ẹ̀bátí. Onídìrí rí i. Òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

"Irorẹ́ yẹn náà ńkọ́?" Ohùn màmá ti wálẹ̀. "Èyí tó o ní irun ló ń jókòó?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ìwọ lo ní kí n fara dà á."

Màmá yí padà, ó wọlé lọ. Onídìrí dúró síbẹ̀, kò lè tẹ̀ lé e. Lẹ́nu géètì, ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ pẹ̀lú irun tí wọn ò dì, tí atẹ́gùn ń gbé sókè, tí ọmọ náà sì ń fọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀.