Bojúbojú ní Swords

Ní Swords, ìlú kan lẹ́bàá Dublin ní Ireland, tíṣà ọmọ mi fi mí kún àwọn ìyá tí yóò ṣètò eré Halloween fún kíláàsì wọn, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń múra bí iwin. Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé n kò ráyè. Owó ń ṣàn ní Dublin nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀ débi pé ìdájí ni mo ti ń nu ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tíì pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Mo ní mo máa wá.

Ọmọ ọdún méje ni. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn. Màmá ló ń pe ìyá mi. Èmi tí mo bí i, Àǹtí ló ń pè mí, nítorí ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àbúrò mi nìyẹn. Ìyá mi kú nígbà tí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, n kò sì lè lọ sin wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gba ọmọ náà sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé Màmá ti rìnrìn àjò, wọ́n ti lọ sí òkè òkun. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ìwé mi jáde, òkè òkun yẹn náà ni wọ́n fi bàlúù gbé ọmọ yìí wá.

Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń wo ojú gbogbo ìyá àgbà inú bọ́ọ̀sì. Ó máa ń bi mí bóyá mo rí Màmá níbi iṣẹ́, níbi tí àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Màá ní rárá. Inú bí mi sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ó ṣì ń bí mi díẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gba òótọ́ náà. Ọmọ tí kò tíì gbà pé èmi ni ìyá òun, ṣé èmi ni kí n tún wá sọ fún un pé ìyá tó mọ̀ ti kú?

Ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà la ti pàdé, ilé tuntun tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. A mu tíì ná kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí a so ápù rọ̀ sórí okùn, kí àwọn ọmọ káwọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n máa fi eyín bù ú jẹ. Wọ́n ní kí a da òmíràn sínú báàfù omi, kí wọ́n ki orí bọ̀ ọ́. Wọ́n tún ní kí a fi tísù ilé ìyàgbẹ́ wé ọmọ kan bí òkú. Mo ń wò wọ́n. Nílé ìyá mi, ẹni tó bá fi oúnjẹ ṣeré yóò gba ìfọ́tí, a kì í sì í fi òkú ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe dáadáa sí mi, wọ́n sì bi mí irú eré tí àwa ń ṣe. Mo ní bojúbojú: a ó bo ẹnì kan lójú, àwọn yòókù á sá pamọ́, onítọ̀hún á sì máa wá wọn. Onílé ní ìyẹn grand, bí wọ́n ṣe máa ń sọ níbẹ̀ pé nǹkan dára, àfi pé àwọn ọmọ á forí gbá tábìlì. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí àwa ìyá kúkú jókòó ní ìlà, kí a dákẹ́, kí a di àwọn ọmọ lójú, kí wọ́n máa fọwọ́ kan ọwọ́ wa títí kálukú á fi mọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gba ṣokoléètì. Inú gbogbo wọn dùn sí i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo mú bojúbojú wá, n kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Mo ní ìyá ọmọ mìíràn lè má ráyè wá. Wọ́n ní tíṣà á jókòó dípò rẹ̀. Ọmọ tèmi kì í tilẹ̀ jẹ́ kí n di irun òun, ṣe ló máa ń yẹrí. Ọwọ́ wo ló fẹ́ mọ̀? Ẹ̀rù bà mí pé ojú gbogbo ayé ni yóò ti ré mi kọjá.

Lọ́jọ́ eré náà, ní kíláàsì wọn, a jókòó lórí àwọn àga kéékèèké, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ ṣe é kàn ń fa ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó kan ọmọ mi, nínú aṣọ funfun tí mo gé fún un bíi ti iwin. Ó dé ọwọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀. Ìyá mi ni wọ́n kọ́ ọ pé ọmọbìnrin kì í na ọwọ́ sí àgbà lórí ìdúró. Ó dìde, ó bọ́ sí ọwọ́ kejì, ó tún kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí ń nu ojú.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó gba ọwọ́ mi. Ó fi ìka tọ àtàǹpàkò mi tó tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Kò dìde. Ó gbé ọwọ́ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Màmá,” ó rọra sọ ọ́. “Màmá, ẹ ti pẹ́ jù.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló mú. Ó tú aṣọ kúrò lójú, ó wò mí, ojú rẹ̀ sì fàro. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wá ẹni tó ni ọwọ́ náà.

“Àǹtí, níbo ni wọ́n wà?”

Tíṣà ti ń mú ṣokoléètì bọ̀. Mo lè gbà á, kí n sì ní ká máa lọ jẹun. Mo mú ọmọ mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédé.

“Màmá ò rìnrìn àjò,” mo ní. “Wọ́n ti kú. Ìbàdàn ni a sin wọ́n sí.”

Kò sunkún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mí láago pé ìyá mi kú, ìbáà ṣe níbi iṣẹ́ tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

“Ṣé ẹ̀yin náà ò ní rí wọn mọ́ ni?”

Mo ní n kò ní rí wọn mọ́. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. Èmi náà sun ẹkún ìyá mi níbẹ̀, ọmọ mi sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù mí lójú.