Kò Sí Ṣúgà Nínú Ẹ̀

Ní Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2025, pléètì kan ní Ṣómólú jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà. Pléètì yìí ni páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ya ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọ̀ kan, pléètì kan. Àwọ̀ méjì, pléètì méjì. Gbádégẹṣin ra ẹyọ kan. Ẹyọ kejì tí kò rà, òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Gbádégẹṣin, Ọ̀yọ́ ni bàbá ẹ̀ ti wá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ kan, tábìlì kan, àti bẹ́ǹṣì kan níta tí Màmá Serifat máa ń jókòó sí. Màmá yìí ló ń bá a gé lébẹ́ẹ̀lì, tó ń kà á, tó ń dì í ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyá tó bí Gbádégẹṣin kú, ogójì ọjọ́ gbáko ni Màmá Serifat fi ń gbé oúnjẹ wá fún un. Àtọ̀gbẹ ti wà lára màmá náà fún ọdún mẹ́fà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Tí wọ́n bá gbé mínírà fún un, á ní, "Ẹ gbé ikú yẹn sẹ́yìn fún mi o."

Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ní Wẹ́sìdeè yẹn ni Ẹwàolúwa, ọmọbìnrin kan tó dá ilé-iṣẹ́ ìpápánu sílẹ̀ ní Bariga. Ó na fóònù sí Gbádégẹṣin. Nínú fídíò, wọ́n fi ṣíbí gbá kọ́ọ̀pù kan lórí, ṣokoléètì tó bò ó fọ́, kọ̀ọ́, mílíìkì ṣàn jáde.

"Bọ̀dá Gbádé, èèyàn mílíọ̀nù méjì ló ti wo nǹkan yìí. Tí tèmi ò bá dé ọjà ní Sátidé, ó ti tán nìyẹn. Oṣù tó kọjá, búrẹ́dì aláwọ̀ ni wọ́n ń sáré jẹ. Kí n tó ra ohun èlò ẹ̀ tán, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lébẹ́ẹ̀lì, kó tó di Sátidé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa mí."

Fọ́ ọ Jẹ lorúkọ nǹkan náà. Pupa fún orúkọ, àwọ̀ ewé fún ìsàlẹ̀. Gbádégẹṣin rántí pé pléètì àwọ̀ ewé kan wà nílẹ̀, èyí tó fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì omi ọ̀fíọ̀ fún Adéjìmí, oníbàárà ẹ̀ kan. Ó ní ewé méjì, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan lábẹ́: KÒ SÍ ṢÚGÀ NÍNÚ Ẹ̀. Ti Adéjìmí, òótọ́ ni. Gbádégẹṣin ní òun á fi oògùn pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, òun á lo ewé. Bí gbogbo Ṣómólú ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ló ń ju pléètì nù?

Ó gbàgbé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó ń sáré kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì ti jáde kó tó rí i. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó pe Ẹwàolúwa. Ẹwàolúwa dé, ó mú ọ̀kan, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi sílẹ̀! Eléyìí gan-an ló máa tà á."

"Àmọ́ ṣúgà wà nínú ẹ̀, mádàámù."

"Èmi ò da ṣúgà sí i o. Mílíìkì inú agolo ni, àti bisikíìtì, àti ṣokoléètì. Àwọn tó ṣe mílíìkì ló da ṣúgà sí i."

Gbádégẹṣin bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù títí dòní. Ó ro bébà tó máa ṣòfò, ó ro ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀, ó tan ẹ̀rọ padà.

Ní Sátidé, Ẹwàolúwa gbé páálí kan wá ṣe èènì, kọ́ọ̀pù mẹ́rìnlélógún. Màmá Serifat kò kàwé púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣebí ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ gbà kọjá.

"Gbádé, ṣé lóòótọ́ ni? Kò sí ṣúgà?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, Màmá."

Màmá fọ́ ọ, kọ̀ọ́. Ó lá ṣíbí. Omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Ọdún mẹ́fà, Gbádé. Ọdún mẹ́fà tí nǹkan dídùn ti kan ẹnu mi gbẹ̀yìn. O ò ní rí àìsàn o, ọmọ mi."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó ti la ẹnu. Àmọ́ Ẹwàolúwa ṣì dúró níbẹ̀, ó ń ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà, àsansílẹ̀ fún lébẹ́ẹ̀lì mìíràn tó máa gbà nígbà tí èyí bá tán. Gbádégẹṣin pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ gba owó.

Nígbà tí páálí tán, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ Hameedat tó ní fíríìsà ní òdìkejì títì. Tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ óò gbọ́ kọ̀ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Gbádégẹṣin á yíjú sí ẹ̀rọ. Ó mọ iye ìgbà tó gbọ́ ọ: mọ́kànlélógójì.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọ̀bẹ tí Màmá fi ń gé bébà bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré ni. Lára ẹlòmíì, ọjọ́ mẹ́rin ló máa fi jinná. Ti Màmá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀: 486, nígbà tí kò yẹ kó tó igba.

"Màmá, kí lẹ ń jẹ?" Nọ́ọ̀sì ló béèrè.

Màmá yọ kọ́ọ̀pù òfìfo kan nínú báàgì, orí ẹ̀ wú bó ṣe ń yọ ọ́. "Eléyìí nìkan ni mo fi ń ṣe fàájì. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Ọmọ mi tó dúró yìí ló tẹ̀ ẹ́, kò lè parọ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì wo Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin wo ilẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ Màmá méjì. Ní ọjọ́ kẹta, Gbádégẹṣin wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ kí ni?"

"Pé irọ́ ni. Mo ti mọ̀ kó tó dé ẹnu yín."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara ẹ̀ jókòó. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí wọn.

"Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo ń ṣàdúrà fún ọ?"

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, owó ọsibítù, èmi ni màá san gbogbo ẹ̀."

"Ìyẹn ò ní kí o má san án. Àmọ́ lọ bá mi ra pléètì ìka ẹsẹ̀ wá. Ṣé wọ́n ń tà á ní Ṣómólú?" Ó mí kanlẹ̀. "Mélòó lo tẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Ṣé èmi nìkan ni alátọ̀gbẹ ní Bariga? Dìde. Lọ bo irọ́ yẹn lára gbogbo kọ́ọ̀pù tó kù. Tí o bá ṣe é tán, wá sọ iye ẹ̀ fún mi. Mi ò fẹ́ nǹkan bí báyìí bí báyìí o, iye ẹ̀ gan-an ni kí o mú wá."

Pléètì ti di ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó ra tuntun. Ó tẹ bébà àlẹ̀mọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: ṢÚGÀ PỌ̀ NÍNÚ Ẹ̀. ALÁTỌ̀GBẸ, MÁ JẸ Ẹ́. Ọ̀dọ̀ Hameedat ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá Gbádé, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?"

"Irọ́ ni mo tẹ̀ síbẹ̀, Hameedat. Òun ló gé Màmá lẹ́sẹ̀."

Hameedat ṣí fíríìsà. "Ẹ máa lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ló ti ń rà á."

Ní Fádèyí, ọkùnrin kan fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Ní Ìlàjẹ, obìnrin tó ń yan ẹja bá a di gọ́ọ̀mù mú. Ẹwàolúwa pè é lórí fóònù, ó ń jágbe.

"Kí lẹ ń fi ọjà mi ṣe? Ẹ dá àsansílẹ̀ mi padà! Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lẹ́rọ ní Ṣómólú."

Ó dá a padà lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ̀rún ọgọ́ta, kò ku kọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Ẹwàolúwa ò tiẹ̀ ṣe Fọ́ ọ Jẹ mọ́. Fídíò mìíràn ti dé, yìnyín aláwọ̀ mẹ́rin ló kàn. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Gbádégẹṣin ló tẹ lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀.

Ìgbà tí kò rí kọ́ọ̀pù kankan tí kò tíì bò mọ́ nínú fíríìsà ẹnikẹ́ni ló tó lọ sílé Màmá ní Bariga. Màmá gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, báńdéèjì wà lára ẹ̀.

"Mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún kan, irinwó àti méjìlá."

Màmá kò béèrè bébà kó tó fi orí yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. "Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ìyẹn dà?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́, Màmá."

"Ta ni?"

Gbádégẹṣin kò mọ̀ wọ́n. Màmá kò ní kó jókòó, kò sì ní kó máa lọ. Ó dúró síbẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn ní gbogbo ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ohun tó san padà nìyẹn: 1,412 nínú 10,000, ní Túsìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú.