Ọwọ́ Ìyá Kíkan Kò Ṣàìsàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọ̀rẹ́ mi Ìyá Kíkan jẹ́, kó lọ sọ fún un pé kó lọ sinmi. Ojú mi báyìí ló ṣe gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, tó wo oníbàárà kan láti orí dé ẹsẹ̀, tó sì bi í pé, "Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?" Kọ́tìnì ni èmi àti òun jọ ń ṣe. Èmi ni mo ń gé, òun ló ń rán, nínú yàrá iwájú kan tí tábìlì gígùn gbà tán, débi pé ẹni tó bá sanra díẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọlé. A ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Ẹgbẹ́ ni wá, kò sì sí ohun tí mo máa sọ nípa rẹ̀ níbí tí n kò tíì sọ lójú rẹ̀ rí.

Orúkọ yẹn kì í ṣe èébú. Kíkan ni ẹbí rẹ̀ ń pe wàrà kan tó máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá péjọ, wàrà tó ki, tó funfun, tó sì kan lẹ́nu, tí wọ́n máa ń ki bisikíìtì oníyọ̀ tàbí kárọ́ọ̀tì bọ̀. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ló máa ń dà sínú aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tí a fi ń tẹ́ inú kọ́tìnì. Kì í ṣe gbogbo aṣọ funfun o. Á gbé e sókè sójú fèrèsé, á wò ó bóyá òwú rẹ̀ dọ́gba, torí pé èyí tí ihò rẹ̀ tóbi jù á jẹ́ kí wàrà bá omi lọ, èyí tó sì há jù kò ní jẹ́ kí omi jáde rárá. Á di ẹnu aṣọ náà, á so ó kọ́ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, á gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, á jẹ́ kó máa kán títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó bá kù nínú aṣọ máa ń ki débi tí ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀. Á gún aáyù kúnná, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á bu iyọ̀ sí i, á rò ó pọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ kó tó ta òróró díẹ̀ sí i lórí. Ọ̀jẹun ni mí, n kò sì fi bò, ṣùgbọ́n n kò tíì jẹ irú rẹ̀ níbòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá ni ibà kan kọlù ú. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n kò lọ lásán, ó kó ìtọ́wò àti òórùn lọ́wọ́. Ó mu tíì tí mo gbé fún un, ó ní ṣé omi gbígbóná lásán ni mo wá fi ń tọ́jú òun ni. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìyá Kíkan ń ṣe bí ẹni pé kò ká òun lára. Irọ́ ni. Mo bá a lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sunkún, ó ní èérún òwú ló kó sí òun lójú.

Lẹ́yìn náà ló ṣe kíkan fún ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ rẹ̀, tó bu iyọ̀ sí i, tó gbàgbé, tó tún bu òmíràn. Tẹ́lẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ni ì bá sọ fún un. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ìyìn, àwọn ènìyàn sì ń ki bisikíìtì bọ̀ ọ́, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń rọra tu ú sínú pépà. Ọmọ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí gan-an ló tú tirẹ̀ jáde, tó ní, "Ó dà bí omi òkun." Ojú ti ọ̀rẹ́ mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti gbé ọ̀rọ̀ kan dání tí kò fẹ́ sọ kalẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ọmọ búburú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe, ó sì mọ ohun tí gáàsì lè ṣe fún ilé. Ó wá sí yàrá méjì tí ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, ó kó páálí títẹ̀ tí a fi ń di ẹrù dání, ó tò wọ́n sára ògiri.

"Màmá, ẹni tí kò gbóòórùn kò lè dá gbé. Bí gáàsì bá ń jò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kó yín wá sí yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa."

"Gáàsì wo?" ni Ìyá Kíkan dá a lóhùn. "Mo ti tà á. Sítóòfù oníná ni mo ń lò, ó sì ń pa ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àbí o rò pé nígbà tí imú mi kú, ọpọlọ mi náà bá a kú ni?"

Ọmọ náà fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni àkọ́bí ìyá tó bí Ìyá Kíkan, wọ́n ti dàgbà gan-an, wọ́n ń dá gbé nínú ilé alátẹ̀gùn kan, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Nínú ẹbí yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ìpàdé títí Ẹ̀gbọ́n Àgbà á fi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tí wọ́n á sì sọ bó ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé. Wọ́n pe àbúrò wọn lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ìdí tábìlì mi.

"Sinmi. O ti ṣe tìrẹ. Kí wọ́n ra kíkan ní ṣọ́ọ̀bù fún ìpàdé ẹbí tó ń bọ̀, kó o sì kó ẹrù rẹ tẹ̀lé ọmọ rẹ."

Ìyá Kíkan fi àáké kọ́rí. "Ẹ̀gbọ́n mi, màá ṣe é. Ahọ́n mi ló ṣàìsàn, ọwọ́ mi kò ṣàìsàn. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tí ẹ ní kò dáa, màá di páálí yẹn fúnra mi. Bí ẹ bá ní ó dáa, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ yàrá ẹ̀yìn létí mi mọ́."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí.

A ti lọ wo yàrá ẹ̀yìn náà rí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tuntun, fáànù tuntun. Ìyá Kíkan kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Etí kọ́tìnì tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀, ló gbá mú. Ìṣẹ́tí rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Ó yínmú sí i, ó ní, "Abẹ́ èyí ni wọ́n fẹ́ kí n máa sùn sí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá lọ síbẹ̀, èmi àti tábìlì gígùn nìkan ló kù.

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ bó bá kan, bó bá níyọ̀?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí ìpàdé pé.

Ó na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ìka òsì ẹni tó ń fọwọ́ rán ìṣẹ́tí kì í wà láìní ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un, tirẹ̀ sì rí ṣákaṣàka bíi ti gbogbo wa. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó fi ìdí ṣíbí kán kíkan díẹ̀ sí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un lórí ìka náà, ó dijú. "Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ta mí lójú ẹsẹ̀," ó wí. "Iyọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n bó bá dé, kì í tètè lọ. Tọ́ ọ wò kó o sọ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Á kán an sọ́wọ́, á sọ bó ṣe ta òun tó, èmi á tọ́ ọ wò, màá ní ó kù díẹ̀ tàbí ó ti pọ̀ jù. Kò fojú wọn iyọ̀ mọ́, ìbọ̀ka irin tó máa ń fi bọ ìka nígbà tó bá ń rán aṣọ líle ló fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń dojú ìbọ̀ka náà délẹ̀ ní kété tó bá ti bu iyọ̀, kó má baà tún gbàgbé. Mo jẹ kíkan títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ àti ẹnu mi kò jiyàn mọ́. Bó bá ní "ó ti tó", ó ti tó náà nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé, a gbé abọ́ tánganran funfun lọ sílé ọmọ rẹ̀, a fi aṣọ inú kọ́tìnì bo ẹnu rẹ̀, a fi òwú dì í. Ìyàwó ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó wí, ó sì gbé e wọ ilé ìdáná. Inú mi dùn sí i. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jókòó, òùngbẹ gbẹ mí, mo lọ mú omi. Mo ṣí fíríìjì, mo sì rí abọ́ wa níbẹ̀, aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀, òwú ṣì wà ní dídì. Ike ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà nínú garawa ìdọ̀tí. Abọ́ funfun mìíràn ni wọ́n gbé síwájú Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní pálọ̀, wọ́n sì ta òróró sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kíkan ṣe máa ń ta á. Mo gbá abọ́ wa mú, mo sáré padà sí pálọ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Àgbà ti ki bisikíìtì bọ inú ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi sẹ́nu.

Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n wo ojú àbúrò wọn, wọ́n wo ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bisikíìtì tó kù sílẹ̀.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ni wọ́n wí kí n tó lè sọ pé kì í ṣe tiwa. "Mo ti sọ ọ́. Lọ kó ẹrù rẹ."

Ìyá Kíkan dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Irọ́ ni! Ìka mi kò lè purọ́ fún mi!"

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ là wọ́n, ó ní kí òun náà tọ́ ọ wò. Ó fi sẹ́nu, ó dúró. Ó tún fi sẹ́nu. "Ṣúgà ni," ó wí, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú tún ti Màmá lójú ẹbí, ìdí tí òun fi ra ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ìkánjú ni kò sì jẹ́ kí òun rí i pé yógọ́ọ̀tì dídùn tí àwọn ọmọdé ń lá ni òun mú. Ó ṣe mí bíi kí n kù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni gbogbo ojú wà lára wọn, torí wọ́n jẹ ṣúgà, wọ́n pè é ní iyọ̀.

Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ojú wa lẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀," ó wí. "Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà wo ni ìtọ́wò yín ti lọ?"

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ń fọwọ́ nu èérún bisikíìtì kúrò lára aṣọ wọn. "Ó ti pẹ́. Kí ìwọ tó ṣàìsàn rárá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, n kò mọ ọjọ́ tó tán."

"Ẹ sì ń dá gbé."

"Mò ń dá gbé."

"Ta ló ti gbé páálí wá fún yín?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọjú sí gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ sì gba pálọ̀ náà kan. "Ẹ gbọ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ahọ́n wa ti lọ. A ṣì ń sanwó ilé wa, a ṣì ń ti ilẹ̀kùn wa fúnra wa. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀kan nínú wa, kó wá kó àwa méjèèjì, kó sì gbìyànjú rẹ̀ wò!"

Mo tú òwú orí abọ́ wa, mo gbé e sáàárín tábìlì. Ọmọ rẹ̀ ki kárọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́, ó dijú. Kárọ́ọ̀tì kejì ló fi dáhùn. Àwọn yòókù bá ya bo abọ́ náà.

"Màmá," ó wí nígbà tó gbé e mì, kò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀, "màá wá kó àwọn páálí yẹn kúrò lọ́la."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ fi gé pátánì."

Ẹ̀gbọ́n Àgbà fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń wo bó ṣe ń tán lọ. "Ìwọ tí o kò lè tọ́ ọ wò," wọ́n béèrè, ohùn wọn ti wálẹ̀, "báwo lo ṣe mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ ti tó?"

Ìyá Kíkan fa abẹ́rẹ́ yọ lára kọ́là aṣọ rẹ̀. "Ẹ mú ọwọ́ òsì yín wá," ó wí.