Omi Tí A Fi Ń Wẹ Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adágún kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé wa lẹ́yìn Ṣakí ń mu. Inú rẹ̀ náà ni ẹni tí sòbìà bá ń yọ lẹ́sẹ̀ máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, nítorí omi tútù a máa dín oró náà kù. Bàbá mi ṣe é, èmi náà ṣe é. A ò mọ̀ pé ọmọ sòbìà là ń tú sínú omi tí a ó mu. Ọdún kan, àsìkò ebè kíkọ ni sòbìà dá mi dùbúlẹ̀. Èbù iṣu mi jẹrà sí abà.

Ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, ló gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tí àwọn aláboyún ti ń gba ìtọ́jú. Ó ra aṣọ funfun, ó ń fi sẹ́ omi mímu. Kò pẹ́ ni sòbìà bẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Ìyá mú ọ̀pá, ó kọjú sọ́nà adágún.

Ìyàwó mi gbé oyún rẹ̀ dìde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ omi yẹn."

"Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ọmọ yín tó wà níkùn mi ló ní kí n bẹ̀ yín. Òun náà ń bọ̀ wá mu níbẹ̀."

"Èyí tí kò tíì rí oòrùn ló ti ń rán ni níṣẹ́! Kúrò lọ́nà, ẹsẹ̀ ń ta mí."

Ìyàwó ilé kì í dí ìyá ọkọ lọ́nà. Ó yà fún un. Ṣùgbọ́n ó sáré wọlé, ó bu omi àmù sínú bàsíà, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Adágún ló wá kí yín nílé."

Ìyá wò ó títí. Ó jókòó.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ni ìyàwó mi máa ń wẹ ẹsẹ̀ yẹn, á sì lọ da omi rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí adágún. Èmi ni mo ń pọnmi. Àwọn obìnrin ilé a máa kí mi lọ́nà: "Ìyàwó tuntun, ẹ kú omi o!" Mò ń pọn ọ́n lọ.

Sòbìà náà jáde tán, egbò rẹ̀ jinná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi ní kí òun gbé bàsíà kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ìyá na ẹsẹ̀ kejì, èyí tí nǹkan kan ò ṣe rí.

"Èyí ńkọ́? Ṣé ọmọ àlè lòun ni?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.