Ọdún Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Mi

Bàbá mi pè mí láti Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ní ìyá mi kọ lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti kú, a sì ti sin wọ́n. Mo di fóònù mú nínú yàrá mi ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́, mò ń wo òjò wínníwínní tó ń rọ̀ sórí ọgbà aládùúgbò, ó dà bíi pé mo ṣì ń sùn.

Bàbá mi ní, "Ó ní òun ya fọ́tò tuntun. Fọ́tò náà ò ṣí. Máa bọ̀ wá bá mi ṣí i."

Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀ o. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àní wọ́n máa ń fi bírò pupa tún ìwé ìròyìn tí wọ́n bá rà ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí.

Ọdún náà le. Epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí débi pé ọkọ̀ Oǹdó kì í tètè kún ní gáréèjì mọ́. Ẹni tí kò bá ní ìnáwó òkú tàbí ti ìgbéyàwó níbẹ̀, ilé rẹ̀ ló ń jókòó sí. Nígbà tí a gbéra, mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, kùrukùru òjò láàárín wọn. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń kọrin tí n kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ni ìyá mi nígbà ayé wọn. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ orin wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, a sì máa ń fi aṣọ léèsì funfun bò ó bí ẹni bo tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Àwọn tó ṣe ètò tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ti kéde tipẹ́ pé àwọn ò bójú tó o mọ́, kí oníkálukú lọ wá tuntun. Tuntun wo? Nínú ọdún wo? Búráúsà tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ náà ti di arúgbó, ààbọ̀ ló máa ń ṣí ojú-ewé, àwòrán níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló burú jù, èyí tó yẹ kó máa rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Bátìrì yẹn ti kú, iná sì ń lọ lójoojúmọ́. Bí a bá ti tún ẹ̀rọ náà tàn, ọdún àtijọ́ kan ló máa ń kọ sí ìsàlẹ̀, ọdún tí ìyá mi ṣì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ tún un ṣe nígbà kan, bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Wọn ò sọ ìdí, n kò sì béèrè.

Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi á jókòó síbẹ̀, wọ́n á ṣí ímeèlì ìyá mi, wọ́n á máa ka àwọn lẹ́tà àtijọ́. Búráúsà á kìlọ̀ fún wọn pé aago ẹ̀rọ náà kò bá ti ayé mu, pé ibi tí wọ́n ń lọ kò ní ààbò. Wọ́n á tẹ ibi tó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní èèyàn kì í bẹ̀rù ilé ara rẹ̀. Ní Sunday kan, àpótí kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún pásíwọọdù ìyá mi kọ. Wọ́n kọ ọ́. Báyìí ni olè ṣe wọ inú ímeèlì náà.

Nígbà tí mo dé, mo bá ìyá kan lọ́dọ̀ bàbá mi, ẹni tí òun àti ìyá mi jọ máa ń kọ ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá náà na fóònù sí mi. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìyá mi lórí rẹ̀: kí ẹ tẹ ibí, kí ẹ rí fọ́tò mi tuntun. Ìyá mi tí kò lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ láìbéèrè àlàáfíà adìẹ ilé!

"Gbogbo wa ló kọ ọ́ sí, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ pé àkúdàáyà ni. Wọ́n ní ẹnì kan rí i ní Ìlárá-Mọ̀kín, ó ń ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ yunifásítì."

Àwa Oǹdó tí à ń lọ sí Áńgílíkà, a kì í gba àkúdàáyà gbọ́ lọ́jọ́ Sunday. Ọjọ́ Mọ́ńdè la máa ń gbà á gbọ́. Láti kékeré la ti mọ̀ pé òkú lè lọ fìdí kalẹ̀ sí ìlú mìíràn, kó máa ṣòwò, títí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú yóò fi pàdé rẹ̀, tí yóò sì pòórá. Kí n má parọ́, mo rí ìyá mi kedere lábẹ́ agboòrùn nínú òjò yẹn, wọ́n ń ṣẹ́ owó fún ọmọ ilé ìwé kan, ara wọn dá ṣáṣá. Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́. Ó wù mí gan-an.

Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Olè ni, Bàbá. Kò sí fọ́tò kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, olè á wọ inú ímeèlì tirẹ̀ náà."

Ìyá akọrin pariwo, "Yéè! Mo ti tẹ̀ ẹ́!" Wọ́n gbé gèlè, wọ́n sáré lọ bá ọmọ wọn nílé kó bá wọn yí pásíwọọdù padà.

Ó ku èmi àti bàbá mi. Mo gbìyànjú láti fi fóònù mi yí pásíwọọdù ìyá mi padà kí n lé olè náà jáde, ṣùgbọ́n ímeèlì náà ní òun yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ránṣẹ́ sí fóònù ìyá mi, bẹ́ẹ̀ láìnì fóònù yẹn ti kú pẹ̀lú wọn. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló dá mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà náà, ojú-ewé tí a ti ń yí pásíwọọdù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní aago wa kò bá ti ayé mu, kò sì sí ibi tí a lè tẹ̀ pé kó máa lọ.

"Bàbá, a ní láti tún ọjọ́ ṣe," ni mo wí.

"Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

"Olè náà á máa fi orúkọ ìyá mi ja àwọn akọrin lólè."

Òjò ti dá, omi ń kán láti orí páànù. "Nínú ẹ̀rọ yìí," ni bàbá mi wí, "kò tíì ṣàìsàn."

Inú bí mi sí olè, sí iná mànàmáná, sí ọdún burúkú náà. Mo na ọwọ́ sí máòsì kí n parí ọ̀rọ̀ kíá, bí wọ́n ti ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Dìde níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tó fẹ́ ẹ ló yẹ kó sọ fún un."

Wọ́n jókòó sórí àga ìyá mi, wọ́n wọ jígí wọn. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọdún tí a wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n ṣì í kọ. Lẹ́yìn náà ni ojú-ewé náà ṣí, láìsí ìkìlọ̀ kankan.

"Má bínú, ìyá wọn," ni bàbá mi wí fún un.